Igi Tẹ́ẹ́rẹ́ Mẹ́fà Lára Pátákó Tíṣà

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ti kúrò lójú fèrèsé tó sì ti bọ́ sára ògiri, Káfíńtà á fọ ọwọ́ rẹ̀, á nù ún, á sì jókòó sídìí tábìlì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn lọ́dún tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ìyàwó rẹ̀ á jókòó sí òdìkejì. Ìwé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wà láàárín wọn, mẹ́rìnlá lórí ara wọn, bíírò pupa á sì wà lọ́wọ́ Káfíńtà. Nígbà náà ni kíkà á bẹ̀rẹ̀.

“Áì,” ni Káfíńtà á wí. “Àyè wà níbẹ̀. Díì, áì, díì. Àyè. Ẹ́ẹ̀nì, óò, tíì. Àyè. Jíì, óò. Ó parí.”

“Ó gbà,” ni ìyàwó rẹ̀ á dáhùn.

Káfíńtà á wá fa àmì pupa, èyí tó kúrú lápá kan tó gùn lápá kejì, bí ẹni ń sàmì síbi tí ayùn máa gbà kọjá. Bí gbólóhùn kan bá ṣìnà, ìyàwó rẹ̀ á ní, “Kò gbà. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kẹta.” Á sì fà á láìlo rúlà, torí ọwọ́ tó ti fi ogójì ọdún fa ìlà sára pákó kì í wọ́.

Káfíńtà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé kẹta ló kà dé kí bàbá rẹ̀ tó fà á lé ọ̀gá onígi lọ́wọ́. Lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló mú kúrò nílé ìwé, ó sì tọ́jú wọn bó ṣe ń tọ́jú irinṣẹ́, kò sí èyí tó sọnù nínú wọn. Ohun tí wọ́n bá para pọ̀ dà kì í ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ló máa kàn wọ́n pọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ yìí ni gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà, Káfíńtà náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjì báyìí, kò ríran kàwé mọ́.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni pé ó ń forí gbá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó di ẹ̀bi Káfíńtà, pé ó kan ilẹ̀kùn tóóró. Lẹ́yìn náà ló ní iná ilé kò mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n pààrọ̀ gílóòbù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n jàjà dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, dókítà náà tan iná kékeré sí i lójú, ó sì fà sẹ́yìn. Ó ní omi inú ojú ló ti ń ti iṣan ìríran mọ́lẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ohun tó ti lọ ti lọ. Kí wọ́n máa kán oògùn yìí láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ìyókù má baà tètè lọ.

“Wọ́n ní ojú tó bá máa bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin,” ni Káfíńtà sọ lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé. “Tìrẹ ò sì ṣepin láàárọ̀. Kí ló wá dé?”

“Bóyá alẹ́ ti lẹ́,” ni Tíṣà wí.

 Káfíńtà di ọwọ́ rẹ̀ mú dáadáa, nítorí kòtò wà lọ́nà.

Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀, àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo tó ń gbé lọ́nà jíjìn, tó máa ń pè lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. “Bàámi, ojú Màámi ńkọ́?” Káfíńtà á ní, “Ó wà lójú rẹ̀.” Ọmọ á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì ní kí wọ́n má gbàgbé oògùn.

Níbi iṣẹ́ Tíṣà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì kúrò nílé ìwé àwọn ọmọdé. Àwọn àgbàlagbà ló ń kọ́ báyìí, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá kan lókè ìsọ̀ ọlọ́dà. Òórùn ọ̀dà máa ń gba àtẹ̀gùn gòkè wá bá wọn. Àwọn mẹ́rìnlá ni: awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ti lé láàádọ́ta ọdún, wẹ́dà kan wà, onídìrí kan wà, àwọn yòókù náà sì jẹ́ ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ wá pẹ̀lú ebi àti oorun lójú. Ìdánwò kan ló wà níwájú wọn. Ẹni tó bá yege lè dé ipò tó ga díẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kùnà á dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ìlànà ibẹ̀ sì ni pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ lè kọ nǹkan sójú pátákó, kó sì lè máàkì ìwé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti ní kí ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lọ sinmi nílé. Ìsinmi náà ló wà títí dòní.

“Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló kù,” ni Tíṣà wí fún Káfíńtà. “Ẹ jẹ́ n mú wọn dẹ́nu ọ̀nà ìdánwò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè tì mí mọ́lé.”

Ọ̀nà tó gbà ń kọ́ni ló tilẹ̀ jẹ́ kí pátákó ṣòro fún un. Tíṣà kì í kọ́ni ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Méjì-méjì ló máa ń mú wọn wá, àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Á fa ìlà sí àárín pátákó, á fi ọ̀kan sápá òsì, á fi èkejì sápá ọ̀tún, á sì máa to iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀: èyí tó ń fẹ́ alábàárìn, èyí tó ń dá rìn, ibi tí wọ́n ti lè gbapò ara wọn, ibi tí wọn ò ti gbọ́dọ̀ dán an wò. Ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pè é ní Ìyá Ìbejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kan ló bí.

Nígbà tí ìlà Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn lórí pátákó, Káfíńtà lo ọjọ́ Sátidé kan gbáko. Ó fá igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju èékánná lọ. Ó fi bébà oníyanrìn ha wọ́n títí wọ́n fi jọ̀lọ̀, ó kùn wọ́n ní dúdú bíi pátákó, ó sì fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn wọ́n mọ́ ọn: márùn-ún ní ìbú, ọ̀kan lóòró láàárín gbùngbùn. Ojú ò lè tètè rí wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mọ̀ wọ́n. Tíṣà á fi ìka ọwọ́ òsì lé orí igi, ọwọ́ ọ̀tún á máa fi ṣọ́ọ̀kì tẹ̀ lé e. Ìlà rẹ̀ wá tò ju ti ìgbà tó ń ríran lọ. Ó tún ka ìṣísẹ̀: mọ́kànlá láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tábìlì, mẹ́ta láti ibi tábìlì dé ibi pátákó.

Káfíńtà fúnra rẹ̀ á gbé báàgì Tíṣà wá, á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn, títí kíláàsì fi máa parí.

“Bàbá, ẹ̀rù ń bà yín ká má gbé ìyàwó yín lọ ni?” ni Awakọ̀ bi í lọ́jọ́ kan.

“Ta ló máa gbé e? Ìwọ tó jẹ́ pé o ò tíì rí ẹ̀yọ kan gbà nínú mẹ́wàá láti ọ̀sẹ̀ kẹta?”

“Ta ló sọ fún Bàbá?” ni Awakọ̀ wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí ilẹ̀kùn, torí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àṣírí pé òun ló ń máàkì ìwé wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí Tíṣà ti ń fi sẹ́yìn láti oṣù méjì. Nígbà tí kò tún sí òmíràn mọ́, ó mú wọn jáde ní ọjọ́ Àìkú, ó sì dán wọn wò lára Káfíńtà, bó ti máa ń ṣe.

“‘Look’ àti ‘see’,” ó ní. “Wíwò àti rírí. ‘Look’ ni ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ẹ yí ojú sí nǹkan. ‘See’ ni ohun tó bá ojú wá, yálà ẹ wá a o, yálà ẹ ò wá a. Ẹ lè wò títí kẹ́ ẹ má rí i.”

“Ó yé mi. Mo lè fi ìfági fá pákó láti àárọ̀ kó má jọ̀lọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an. Fífá ni ‘look’, jíjọ̀lọ̀ ni ‘see’. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ dárúkọ ohun tẹ́ ẹ ń wò, ‘look’ ò lè dá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. ‘At’ ló máa mú un débẹ̀. ‘Look at the door.’ ‘See’ ò wá ẹni tó máa mú òun lọ. ‘I see the door.’ Ó ti débẹ̀.”

Káfíńtà rò ó. “Èkíní ń fẹ́ ìṣó. Èkejì ní àtè lára.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. “Ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó ìdánwò yìí ni.” Ó wá fi ọwọ́ pa etí tábìlì, ó wá igun rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ síbẹ̀. “Mi ò fẹ́ kọ́ wọn ní èyí,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ó máa ń wá nínú ìdánwò lọ́dọọdún.”

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gun àtẹ̀gùn bí wọ́n ti ń ṣe. Bí Tíṣà ti fẹsẹ̀ kan wọlé, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Káfíńtà, tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì, wo iwájú.

Pátákó dúdú kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó wà lára ògiri fẹ̀ jù ú lọ, ó funfun, ó ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sí ohun kan tó yọ lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Màmá, tiyín ni,” ni Onídìrí wí. “Ọ́fíìsì kan tí Wẹ́dà bá ṣiṣẹ́ ló ń kó lọ síbòmíràn, wọ́n ní kó máa gbé e lọ. Òun àti Awakọ̀ ló kàn án lánàá. Èmi ni mo nù ún.”

“Ti àtijọ́ yẹn ti gbó,” ni Awakọ̀ fi kún un. “Igi ti ń yọ lára rẹ̀ káàkiri. Ọjọ́ kan ló fà mí láṣọ ya.”

Tíṣà ti rin mọ́kànlá rẹ̀ pé. Ó dúró sídìí tábìlì. “Ẹ mà ṣeun o,” ó ní. “Ẹ ṣeun gan-an ni.” Ó na ọwọ́ sí ibi tí ṣọ́ọ̀kì máa ń wà, ó bá máákà níbẹ̀, ó sì dì í mú.

Lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, Káfíńtà dìde. Ó jókòó. Bó bá lanu, gbogbo wọn á mọ̀. Bí kò bá lanu, wọ́n á mọ̀ náà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí orúnkún, ọwọ́ tó lè gé, tó lè kàn, tó lè fá. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó wúlò níbi tó jókòó sí.

Tíṣà rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gun ojú pátákó lọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sápá ọ̀tún, ó padà. Ó wá igi títí. Lẹ́yìn náà ló kọ ‘LOOK’ gàdàgbà. Ó sún díẹ̀, ó kọ ‘SEE’. Lẹ́tà àkọ́kọ́ jókòó lé lẹ́tà ìkẹyìn ti ọ̀rọ̀ tó ṣáájú lórí.

Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan pàtàkì. Ẹni bá gba pátákó tuntun, ọwọ́ rẹ̀ lè má tíì mọ̀ ọ́n. Tíṣà sì ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ohùn rẹ̀ lọ geere. Ó sọ ti ẹni tó wò tí kò rí. Ó sọ ti ‘at’. Ó ní èèyàn lè sọ pé ‘I am looking’, torí iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ pé ‘I am seeing the door’. Ohun tó bá ti wọ ojú ti wọ ojú. ‘I can see the door’ ni wọ́n ń wí. Ó ní ‘I see’ tún lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti yé ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní bí wọ́n bá sọ pé ‘You look tired’, ‘look’ ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń wò nìyẹn, ìrísí ẹni tí wọ́n ń wò ló ń sọ.

“Ṣé tíyàwó mi bá wá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi,” ni Awakọ̀ béèrè, “ó ń wò mí ni, àbí ó ti rí mi?”

“Ó ti rí yín tipẹ́,” ni Tíṣà dáhùn. “Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Ìlà kejì gun ìkíní. Ìkẹta já wálẹ̀, ó kọjá láàárín àwọn méjèèjì bí ẹni gba ojúlé onílé kọjá. Ní ìkẹrin, máákà kúrò lórí pátákó, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan odindi sára ògiri.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Bíírò dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kò fi sí ìró kankan mọ́ nínú yàrá náà àfi ti máákà.

“Tíṣà, èwo gan-an ni ká kọ níbẹ̀?” ni Awakọ̀ wí. Onídìrí fi igbọ̀nwọ́ gún un níhà.

Wẹ́dà ló kọ́kọ́ mọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ náà, ojú ló ń jẹ. Ó ti rí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ tó ń fọwọ́ wá ife omi lórí tábìlì. Ó yíjú padà, ó wo Káfíńtà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Káfíńtà wolẹ̀.

“Màmá,” ni Wẹ́dà wí jẹ́ẹ́jẹ́, “ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́ mọ́. Ẹ ṣáà máa sọ ọ́, àwa á máa kọ ọ́.”

Tíṣà dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ló yí padà. Ó gbìyànjú láti dé máákà, ọmọrí rẹ̀ ò wọlé, ó gbé méjèèjì sílẹ̀. “Ó dáa,” ó ní. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.” Ó sì ń bá a lọ.

Bóyá ọ̀rọ̀ ì bá mọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ti ránṣẹ́ pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé kó wá wo ẹ̀bùn tí wọ́n fún Tíṣà wọn. Ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde. Tíṣà ti kọ́ òun náà rí, nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó wo pátákó. Ó wo ògiri.

“Ta ló kọ èyí?”

“Èmi ni, ọ̀gá,” ni Awakọ̀ wí.

“Èmi náà kọ díẹ̀ níbẹ̀,” ni Onídìrí wí. “A ń dán an wò ni.”

Ọ̀gá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú.

“Èmi ni mo kọ ọ́,” ni Tíṣà wí. “Wọ́n mọ̀wé jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Wọ́n jáde sí ẹnu àtẹ̀gùn láti sọ̀rọ̀, Tíṣà àti ọ̀gá. Káfíńtà ò dúró gbọ́ ọ. Ó di ọwọ́ Wẹ́dà mú. “Níbo lẹ gbé èyí tẹ́ ẹ yọ sí?”

“A fún ọlọ́dà nísàlẹ̀.” Wẹ́dà ò lè gbójú sókè. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. A ò mọ̀.”

“Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? A ò sọ fún yín.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsọ̀ ọlọ́dà. Ọlọ́dà ti rẹ́ pátákó náà sí méjì, ó ti fi ṣe pẹpẹ, agolo ọ̀dà sì ti wà lórí rẹ̀ ní títò. Ó ti fi ẹ̀yìn òòlù yọ àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ dànù kí agolo lè jókòó dáadáa. Káfíńtà rí mẹ́rin nínú wọn nídìí ìgbálẹ̀, ìṣó ṣì wà lára wọn. Ó ṣà wọ́n, ó fi wọ́n sápò. Ó mọ̀ pé ìdajì ọjọ́ tó láti fi ṣe òmíràn. Ó tilẹ̀ mọ pákó tó máa lò.

Ó sọ ọ́ fún Tíṣà lójú ọ̀nà. Tíṣà mi orí.

“Ọ̀gá ní ká ní ọwọ́ òun ló wà ni, òun á dijú sí i,” ó ní. “Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹlòmíràn máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́rú.”

“Mo lè kàn án lọ́la. Mo lè kàn án mọ́ èyí tó funfun yẹn gan-an.”

“Káfíńtà mi,” ni Tíṣà wí, “kò sí igi tẹ́ ẹ máa fá báyìí tó máa gùn débi tọ́rọ̀ yìí wà.”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Gbogbo wọn jọ fọwọ́ sí i, ọ̀gá sì fi í ránṣẹ́ síbi tó yẹ. Kò sí èsì. Lọ́jọ́rú, Wẹ́dà wá sílé wọn. Káfíńtà ti di àwọn ìwé mẹ́rìnlá náà pọ̀, torí wọ́n ti máàkì wọn tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, títí dé orí èyí tó gbẹ̀yìn.

“Ẹ jẹ́ kó wà níbí ná,” ni Wẹ́dà wí. “Tíṣà tuntun ní ká mú ìwé mìíràn wá. Ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.”

“Ṣé ó mọ̀ ọ́n kọ́?” ni Tíṣà béèrè láti inú yàrá.

“Ó gbìyànjú, Màmá.” Wẹ́dà fọwọ́ kan okùn ara ìwé náà. “Ó ń yára.”

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn kúrò lójú fèrèsé, ó bọ́ sára ògiri. Káfíńtà fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ìdí tábìlì kó tó rántí pé kò sí iṣẹ́. Tíṣà ti jókòó sí òdìkejì, ó ti ká ọwọ́ lé ara wọn. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Ariwo fóònù aládùúgbò dún, ó sì dákẹ́.

Káfíńtà tú okùn ara ìwé. Ó mú èyí tó wà lókè, ó ṣí i, ó sún un súnmọ́ ojú.

“Áì,” ó ní. “Àyè wà níbẹ̀. Ẹ́ẹ̀lì, óò, óò, kéè, íì, díì. Àyè. Éè, tíì. Àyè.”

“Ìwé Onídìrí nìyẹn,” ni Tíṣà wí. “Ẹ kà á fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.”

Káfíńtà dúró. Ìka rẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ tó kàn.  Tíṣà sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì.

“Éè, tíì,” ó ní. “Àyè wà níbẹ̀. Kí ló kàn?”

“Tíì, éèṣì, íì. Àyè. Díì, óò, óò, áà. Ó parí.”

“Ó gbà,” ni Tíṣà wí.

Bíírò pupa wà lọ́wọ́ Káfíńtà, ṣùgbọ́n àmì ti wà níbẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kejì.